Wáṣà Mẹ́ta Inú Lẹ́ńsì

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo máa ń bínú. Ìyá mi ní ọjọ́ tí òun bí mi ni òun ti mọ̀. Ó ní àwọn ọmọ yòókù ń sunkún ebi, èmi ń sunkún ìjà. Ojú rẹ̀ ni mo sì jọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Bí mo bá bá a jáde, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ó ku síkáàfù nìkan." Ojú nìkan náà ni mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ìwà ìyá mi tutù. Tèmi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún lẹ́ńsì kámẹ́rà ṣe. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé. Àwọn èèyàn rò pé gíláàsì kan ṣoṣo ló wà nínú lẹ́ńsì. Irọ́ ni. Gíláàsì mẹ́fà, méje, nígbà mìíì mẹ́wàá, ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ilé onírin róbótó yẹn, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, ẹ̀gbẹ́ kan fótò á mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣe bàìbàì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní tètè mọ̀. Nínú díńgí kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí fótò ti ń kọ́kọ́ hàn, gbogbo rẹ̀ á dára lójú yín. Ìgbà tí ẹ bá fọ fótò náà tóbi ni àṣírí á tú.

Àbúrò tó tẹ̀lé mi, onífótò ni. Òun á yà á, èmi á tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì ń bá a bọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àfi ọjọ́ kan tó dìde láàárín àwọn onífótò ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní, "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ̀n. Ẹ máa wá ẹlòmíì fún lẹ́ńsì yín." Ọ̀kan nínú wọn ló wá ròyìn fún mi. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbígbọ̀n náà fún mi wò, òpònú. Mo lọ bá àbúrò mi nílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo sọ sí i, mi ò ní tún un sọ níbí. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko la ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ṣé ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́? Ó ń gbọ̀n díẹ̀, láàárọ̀, kí ara tó móoru. Ká ní irọ́ ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ìyá wa o. Ọmọ rẹ̀ kan ń ya fótò jẹun, èkejì ń tún lẹ́ńsì ṣe jẹun, òun fúnra rẹ̀ ò ní fótò kankan, àfi ti pélébé orí káàdì ìdánimọ̀, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Bí a bá ní kó jẹ́ ká yà á, á ní, "Ẹ lọ ya ọmọ yín. Kí lẹ fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe?" A bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú wa.

Ìgbà tí dókítà wá sọ pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ìfun, pé Mọ́ńdè ni, ó ránṣẹ́ pe àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èmi, àbúrò mi, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ. A jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi jókòó síbi tí a ò ti ní wo ojú ara wa.

"Mo fẹ́ ya fótò," ìyá mi ní.

Àbíkẹ́yìn ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Màámi?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi àti ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ fọ̀ ọ́ kó tóbi, kí ẹ gbé e kọ́ síbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí ògiri tó kọjú sí àga rẹ̀. "Bí mo bá padà dé, èmi ni màá máa wò ó. Bí mi ò bá padà dé, ẹ̀yin ẹ máa wò ó."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o!"

"Kí ni mo sọ? Fótò ni mo ní kí ẹ yà."

Àbúrò mi wá jẹ́wọ́ pé lẹ́ńsì tí òun fi ń ya èèyàn púpọ̀ ti já bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ohun kan ń mì nínú rẹ̀. Ó ní òun á lọ yá ti ọ̀rẹ́ òun kan lò. Ìyá mi wò ó, ó wá wo èmi.

"Kí lo fẹ́ lọ yá tọ̀rẹ́ ṣe? Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún."

A mi orí láìwo ara wa. Ìyẹn náà ni pé a gbà.

Ní Fúráìdè, àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi."

"Káàárọ̀. Jókòó."

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin nìyẹn. Mo gba lẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo mì í létí. Òótọ́ ni, nọ́ọ̀tì kan ti tú nínú. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta ló di gíláàsì iwájú mú. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wáṣà kan wà, òrùka irin kékeré tó tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò nípọn bákan náà. Àwọn tó ṣe lẹ́ńsì ọ̀hún ló wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀ kí gíláàsì lè dúró gbọọrọ, kó má dagun. Nítorí náà, kí a tó tú u, a ó ya òbìrípo sórí bébà funfun, a ó kọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta yí i ká, bí a bá ṣe ń yọ wáṣà la ó máa tò ó síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá dàrú, a ó mú òṣùwọ̀n jáde nínú dúrọ́ọ̀, a ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi wé iye tó wà nínú ìwé lẹ́ńsì náà. Bí a bá sì ti dì í tán, a ó fi ya ojú ìwé ìròyìn kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, a ó wo kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi ṣeré. Á ní, "Bí o bá ti dì í tán, má gbà á gbọ́. Ya ògiri."

Mo ya òbìrípo mi. Mo yọ wáṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tò wọ́n. Mo nu gíláàsì. Mo fi ẹ̀mú mú wáṣà àkọ́kọ́ pé kí n dá a padà. Àbúrò mi sì jókòó síwájú mi, kò wo ojú mi, kò wo lẹ́ńsì, ọwọ́ mi ló tẹjú mọ́. Bí ó ṣe ń wò ó ni ọwọ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sinmi. Mo tún mú un. Ó tún gbọ̀n.

Ó rọra ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kí n bá yín dì í mú?"

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó fi sọ ọ́, ẹ ó mọ̀ pé kò ní ibi nínú. Èmi náà mọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín gbogbo onífótò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì, gbàm!

"Ṣé iṣẹ́ lo wá wò ni, àbí ọwọ́?"

Àwọn wáṣà fò lórí bébà. Ọ̀kan já sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ọ̀kan wọ inú ọmọrí lẹ́ńsì, ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà àbúrò mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka he é, ó gbé e sí mi lọ́wọ́. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ẹ ṣì mọ èwo ni èwo?"

"Ọwọ́ mi mọ̀ wọ́n."

Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Dúrọ́ọ̀ tí òṣùwọ̀n wà nínú rẹ̀ ń kàn mí lórúnkún. Bí mo bá ṣí i, àbúrò mi á mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mi ò ṣí i. Mo fi wáṣà síbi tí ọkàn mi bá lọ, mo de nọ́ọ̀tì, mo dé e pa.

"Ṣé ká ya ògiri, Bọ̀dá mi?"

"O wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báyìí? Gbé e, máa lọ. Ó ti dára."

Ó gbé e. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi," ó sì lọ.

Sátidé la ya fótò náà, ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, níbi tí ògiri ti funfun. Àbíkẹ́yìn ti rán aṣọ aláwọ̀ búlúù kan fún un, ó sì bá a mu gan-an. Àbúrò mi gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó gbé àga sí àárín. Kò tíì yíjú padà tán tí ìyá mi fi wọ́ àga ọ̀hún lọ sí ìpẹ̀kun lọ́wọ́ òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Màámi, àárín ni kí ẹ jókòó sí."

"Àárín kẹ̀? Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti wà láàárín yín. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin lẹ máa dúró sí àárín, kí èjìká yín kan ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ máa wò nìyẹn."

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ó lọ dúró ní ìpẹ̀kun kejì. Àbúrò mi tẹ kámẹ́rà, ó sáré wá dúró tì mí. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. Iná pupa ara kámẹ́rà ń ṣẹ́jú.

"Àkọ́bí," ìyá mi ní láìyíjú, "tújú ká. Fótò la fẹ́ yà, a ò lọ kóòtù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà sì rín, kámẹ́rà sì yà á. A ya márùn-ún sí mẹ́fà tẹ̀lé e. Àbúrò mi gbé díńgí kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà lọ hàn án. Ó nà án jìnnà sójú, ó ní, "Háà! Èmi rèé? Mo ṣì rẹwà o!" Ó wá fọwọ́ gbá mi lápá. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé ohun tí mo ṣe pátápátá.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ó lọ dáadáa. Ní Tusidé ó béèrè bóyá a ti fọ fótò, àbúrò mi ní kó fi sùúrù ṣe é. Ní Wẹsidé, nọ́ọ̀sì jáde sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì lanu tí Àbíkẹ́yìn ti ń fi orí gbá ògiri. Ìyá wa ti lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù yẹn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Ó dùn mí. Títí di báyìí tí mo ń sọ ọ́, ó ṣì ń dùn mí.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sin ín nígbà tí àbúrò mi ní ká pàdé ní pálọ̀ rẹ̀. Ó gbé férémù ńlá kan dání, ó fi aṣọ wé e. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àbíkẹ́yìn gbà á, ó tú aṣọ, ó gbé e lé orí àga ìyá wa.

Èmi àti àbúrò mi mọ́ kedere láàárín. Irun imú mi pàápàá hàn. Àbíkẹ́yìn náà mọ́, ẹ lè ka òwú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣe ń lọ sí ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni fótò ń ṣe bàìbàì sí i. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹ ó rí aṣọ búlúù, ẹ ó rí i pé ẹni náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní rí ojú. Bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé tí òjò ń dà sí ló rí.

Mo ti mọ̀ kí Àbíkẹ́yìn tó sọ̀rọ̀.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" Àbíkẹ́yìn béèrè. "Ṣebí ẹ yà tó mẹ́fà."

"Bákan náà ni gbogbo wọn."

"Bákan náà?" Ó kọjú sí i. "Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe láti ìgbà tí mo wà ní kékeré! Ẹ̀ ń ya ọmọ ọlọ́mọ, ó ń mọ́. Ẹ̀ ń ya ìyá oníyàá, ó ń mọ́. Ìyá tiwa, fótò kan ṣoṣo tó gbà láyé rẹ̀, kí lẹ ṣe sí i? Kí lẹ ṣe?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Ẹ gbọ́ mi. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà yẹn wà. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ nígbà tó yà á. Àbúrò mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀. Àbíkẹ́yìn nìkan ni kò ro ìyẹn, torí ẹkún ti gba ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ bá a jà fún ọdún mẹ́rin, òun ló mú, ó fi kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó sì ń wo ilẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́. Èmi tí kì í dákẹ́, èmi tí mo máa ń fọhùn kí wọ́n tó bi mí, mo dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Àbíkẹ́yìn bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo wà níbẹ̀. Mo lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́nú. Oúnjẹ ò lọ, oorun ò wá. Ní ọjọ́ karùn-ún mo lọ bá àbúrò mi, mo ní, "Gbé lẹ́ńsì yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù." Mo ránṣẹ́ pe Àbíkẹ́yìn náà pé kó wá bá wa níbẹ̀.

Mo tú u lójú àwọn méjèèjì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú òṣùwọ̀n jáde, mo wọn wáṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kìíní, abẹ́ ẹ̀kẹta ló wà. Ti ẹ̀kẹta ló wà lábẹ́ kìíní. Ìyẹn nìkan ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Àbíkẹ́yìn, láti orí tábìlì tí mo lù títí dé orí ògiri tí mo kọ̀ láti yà. Mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò bu omi sí i.

Àbíkẹ́yìn gbọ́ tán, kò pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Tí ẹ bá wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ yẹn, báwo ni ìbá ṣe pẹ́ tó?"

"Ogún ìṣẹ́jú."

"Ogún ìṣẹ́jú," ó ní. Ó mú báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá àbúrò mi, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi." Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó jáde. Mi ò bá a wí. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, tèmi sì ti dé.

Ó ku àwa méjì. Mo dá wáṣà padà sí ààyè wọn, mo de nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: "O ní ògiri nílé rẹ. Kí ló dé tí o ò dán an wò kí o tó lọ ya Màámi?"

Ó ní, "Mo ti gbé e dání pé kí n dán an wò, Bọ̀dá mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá dán an wò, ó túmọ̀ sí pé mi ò gbà yín gbọ́. Mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kódà nínú yàrá mi."

Mo na lẹ́ńsì sí i. "Ya ògiri," mo ní.

Ó yà á. Kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, lẹ́tà tó kéré jù lọ ṣeé kà. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ lọ dúró sí ìpẹ̀kun òsì yẹn. Mo fẹ́ rí i lójú èèyàn."

Mo lọ dúró síbẹ̀. Mo kọjú sí i, ó yà mí. Ó fi ìka fa fótò náà kó tóbi nínú díńgí kékeré yẹn, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀, kò gbé e kúrò. Mo ní, "Ṣé kò mọ́ ni?" Mo lọ wò ó fúnra mi.

Ó mọ́. Ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì kékeré abẹ́ àgbọ̀n mọ́, ètè tó máa ń rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́. Ibi tí ìyá mi jókòó sí gan-an nínú fótò tirẹ̀ ni mo dúró sí. Kò sí ohun tó kù tí ojú ò lè rí.

"Ó ku síkáàfù nìkan," àbúrò mi ní.

Mo jókòó sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìjà.